Ta Ló Ń Ra Ooru? Ohun Tó Ń Mú Onílé Yan Iná Tó Mọ́, Láti Iléṣà Dé Leeds

Ọyẹ́ tó kọjá mú gan-an ní Iléṣà. Ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe ní ìlú tí òkè yí ká: kó tó di aago márùn-ún ìdájí, omi inú garawa á ti dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Màmá mi jókòó ti ààrò èédú ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsòkun, wọ́n ń dúró de omi ìwẹ̀ wọn tó wà lórí iná, ni àbúrò mi tó ń gbé ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá pè lórí WhatsApp. Kò tíì kí wa tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń jó gáàsì láti mú ilé rẹ̀ móoru, ti gbó. Ìjọba ní àwọn máa fún onílé lówó kó lè yọ ọ́ dànù, kó fi ẹ̀rọ mìíràn tí kò ba àyíká jẹ́ rọ́pò rẹ̀, òun kò sì mọ èyí tí òun ì bá ṣe. Màmá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ṣé ẹ tún ń fowó ra ooru lọ́hùn-ún ni?"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ààrò tó wà níwájú wọn, mo rí i pé àwọn náà ti ra ooru láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: ọ̀rá èédú kan, lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà á ní ìkóríta.

Kí ló ń mú onílé kan yan iná tó mọ́, tí onílé kejì fi dúró sórí èyí tó ń rú èéfín? Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ yìí ti fa ìjà láàrin òṣèlú, nítorí ooru inú ilé wà lára ohun ńláńlá tó ń tú kábọ́ọ̀nù, èéfín tó ń mú ayé gbóná, sínú afẹ́fẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìkòkò, omi ìwẹ̀ àti áyọ́ọ̀nù ni à ń mú gbóná, ilé kọ́. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń tú ọ̀rọ̀ náà wò, ohun tó ń da àbúrò mi láàmú ní Leeds àti ohun tó ń da àwọn ayálégbé Ìsòkun láàmú jọra ju bí mo ṣe rò lọ. Kò sí èyí tó ń kọ́kọ́ wo àyíká nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè òkun, kí n tó padà wálé.

Nínú ètò ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní 2021, nǹkan bí ilé 74 nínú 100 ló jẹ́ pé gáàsì nìkan ni wọ́n fi ń mú ilé móoru. Páìpù ló ń gbé gáàsì náà wọlé bí omi ẹ̀rọ. Bọ́ílà á jó o, omi á gbóná, omi náà á máa yí kiri inú àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, yàrá á sì móoru. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé kò sẹ́ni tó ń ronú kàn án àfi ọjọ́ tó bá kọṣẹ́.

Ẹ̀rọ tí ìjọba wọn fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní heat pump. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ẹni tó bá ní fíríìjì nílé. Inú fíríìjì tutù, àmọ́ ẹ gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Ooru yẹn ni fíríìjì fà jáde nínú ẹran àti omi tí ẹ kó sí i, tó dà á síta. Heat pump ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ìta ló kàn ti ń fa tirẹ̀ wọlé. Ìta tó tutù pàápàá ní ooru nínú. Ẹ̀rọ náà á fà á, á fún un pọ̀, á gbé e wọlé. Nítorí pé ńṣe ló ń kó ooru, tí kì í dá a, yúnìtì iná kan tó bá jẹ lè mú ooru yúnìtì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Kò jó nǹkan kan nínú ilé, kò sì rú èéfín.

Ní Oṣù Karùn-ún 2022 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún onílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní 5,000 pọ́n-ùn láti fi ra èyí tó ń fa ooru nínú afẹ́fẹ́. Àwọn ènìyàn kò jáde tó, wọ́n bá sọ ọ́ di 7,500 ní Oṣù Kẹwàá 2023. Ọ̀fẹ́ ni o, kì í ṣe ẹ̀yáwó. Ohun tí ìjọba ń lé nígbà náà ni pé kó tó di 2028, kí 600,000 irú ẹ̀rọ yìí máa wọlé àwọn ènìyàn lọ́dọọdún. Iye tó ń wọlé kò sún mọ́ ọn.

Kí ló fà á? Àbúrò mi ló là mí lójú, torí ìṣirò ni iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, owó yúnìtì iná mọ̀nàmọ́ná kan tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin owó yúnìtì gáàsì kan. Ẹ̀rọ tuntun náà ń sọ iná kan di ooru mẹ́ta lóòótọ́, àmọ́ owó iná kan yẹn ì bá ra gáàsì mẹ́rin. Ọgbọ́n ẹ̀rọ pa èrè, owó iná gbé e jẹ. Lẹ́yìn owó ìjọba, onílé ṣì máa fi tirẹ̀ kún un, ó lè pààrọ̀ irin ara ògiri, ó sì máa wá àyè tí yóò gbé táǹkì omi gbígbóná sí nínú ilé tí kò fẹ̀ tó pálọ̀ Ìjẹ̀ṣà kan. Àbúrò mi kì í ṣe ọ̀tá àyíká. Ike omi rẹ̀ lọ́tọ̀, páálí rẹ̀ lọ́tọ̀. Ó kàn jókòó ṣírò ni, ìṣirò náà kò sì bọ́ sí i.

Ní Norway ńkọ́, níbi tí òtútù ti mú ju ti Leeds lọ? Nǹkan bí ilé mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ní heat pump. Àwọn kan á sọ pé àwọn ará Norway fẹ́ràn igbó àti yìnyín wọn ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà pípẹ́, iná mọ̀nàmọ́ná tí wọ́n ń rí nínú omi tó ń já láti orí òkè ni wọ́n ti fi ń mú ilé móoru, gáàsì kì í wọ ilé wọn. Ẹni tó bá ra heat pump lọ́hùn-ún, owó iná tó ń san tẹ́lẹ̀ náà ló máa já wálẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́. Ní Sweden, ọ̀wọ́ngógó epo rọ̀bì ọdún 1973 ló kọ́kọ́ bà wọ́n lẹ́rù. Nígbà tó di 1991, ìjọba gbé owó orí lé kábọ́ọ̀nù, epo tí wọ́n ń jó nínú ilé sì di ohun olówó gọbọi. Láti ọdún yẹn ni wọ́n ti ń sá fún un díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ni ti ogun Ukraine. Nígbà tí Rọ́ṣíà kọlu orílẹ̀-èdè yẹn ní Oṣù Kejì 2022, gáàsì gbówó lórí ní gbogbo Yúróòpù. Lọ́dún yẹn, heat pump tí wọ́n tà níbẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí gáàsì rọlẹ̀ ní 2023, ọjà náà rọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kò yí padà láàrin ọdún méjì yẹn. Owó gáàsì ló yí.

Òfin náà lágbára, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló ń ṣiṣẹ́. Israẹli ṣe òfin ní 1980 pé ilé tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí oòrùn ń mú omi gbóná nínú rẹ̀ lórí òrùlé, ó sì mọ́ wọn lára débi pé kò sẹ́ni tó ń bá a jà mọ́. Jámánì ṣe tiwọn ní 2023: ẹ̀rọ amúlémóoru tuntun gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán 65 nínú 100 agbára rẹ̀ láti orísun tí kì í tán, bí oòrùn àti afẹ́fẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti Oṣù Kìíní 2024 ní àdúgbò ilé tuntun. Kí òfin náà tó dé, ariwo ta, ìjọba alájọṣe fẹ́ẹ̀ fọ́ sí méjì, ọ̀pọ̀ onílé sì sáré lọ ra bọ́ílà gáàsì tuntun kí ilẹ̀kùn tó tì. Òfin tí wọ́n ṣe kí gáàsì lè dín kù ló kọ́kọ́ jẹ́ kó pọ̀ sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Iléṣà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, sítóòfù kẹrosíìnì ló wà ní gbogbo ilé àdúgbò wa, ààrò igi sì wà lẹ́yìnkùlé fún ìkòkò ńlá. Kẹrosíìnì ni ìjọba ń san owó ìrànwọ́ lé lórí, tí 50 náírà jẹ́ owó lítà kan lórí ìwé, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń rí i rà ní iye yẹn. Ní 2016 wọ́n yọ owó ìrànwọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ìparí 2022, lítà kan ti kọjá 1,000 náírà. Sítóòfù di òkú. Èyí tí màmá mi ní ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, àwọn adìyẹ ló ń yé ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ibo ni àwọn tó ń lo sítóòfù kọjá sí? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àwọn tó rí owó sílíńdà, bọ́nà àti rọ́bà lẹ́ẹ̀kan náà bọ́ sórí gáàsì. Àwọn tí kò rí i padà sórí èédú. Èyí kò túmọ̀ sí pé èédú dínwó ju gáàsì lọ. Ẹni tó bá ń ra èédú ní ọ̀rá kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ àti lálẹ́, tó bá ṣírò rẹ̀ dé ìparí oṣù, ẹnu á yà á. Ṣùgbọ́n èédú ṣe é rà pẹ̀lú ìwọ̀nba owó tó wà lápò lónìí. Sílíńdà kò ṣe é rà díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n kílò 12.5, tí wọ́n ń rọ ní nǹkan bí 10,000 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ti kọjá 15,000 ní àárín 2024, láìka pé ìjọba ti yọ owó orí rẹ̀ ní ìparí 2023. Lóòótọ́ àwọn tó ń tà á gbà kéèyàn rọ kílò kan tàbí méjì, ìyẹn ló sì gba ọ̀pọ̀ ilé là. Àmọ́ ẹni tí kò tíì ní sílíńdà, kí ló máa rọ ọ́ sí?

Bí ẹnì kan bá wà tó yẹ kó mọ ìdáhùn ọ̀rọ̀ yìí, Ìjẹ̀ṣà ni. Àwọn bàbá wa ló ń ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá títí dé òkè Ọya, tí wọ́n ń tà á láwìn fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, tí wọ́n á padà wá gbowó nígbà tí kòkó tàbí iṣu bá délé. Bí onígbèsè bá ń fì wọ́n, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: "Òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi." Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ wá ní òṣómàáló. Wọ́n máa ń fi bú wa, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe: aṣọ tí ẹnì kan ì bá máa wò lókèèrè fún ọdún mẹ́ta, ó wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ó ń san án díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi 7,500 pọ́n-ùn wá kiri náà nìyẹn, ọ̀nà tí owó àkọ́kọ́ kò fi ní máa lé oníbàárà sá.

Àwọn tó ń ta sólà kékeré ti rí ọgbọ́n yìí. Wọ́n á gbé e fún ọ, wàá máa fi fóònù san owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù. Bí owó kò bá wọlé, ẹ̀rọ á ti ara rẹ̀ pa títí wàá fi san. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń lóṣòó. Ó yà mí lẹ́nu pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú rẹ̀ fún sílíńdà àti bọ́nà ní Iléṣà, àyàfi tí àwọn olùkọ́ bá gbà á láti inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, tàbí kí àwọn ìyá ọlọ́jà Àtàkúmọ̀sà fi owó àjọ rà á ní ìpín wọn. Obìnrin tó gba àjọ ní Oṣù Kẹta ń se ọbẹ̀ lórí gáàsì ní Oṣù Kẹta. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó máa gba tirẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá ṣì ń fẹ́ èédú. Ẹ má bi mí èyí tó fẹ́ràn àyíká jù nínú wọn.

Mo ti ń ka gáàsì sí iná tó mọ́ ní Iléṣà, ẹnì kan lè bi mí pé ṣebí abẹ́ ilẹ̀ ni gáàsì náà ti wá. Òótọ́ ni. Kì í ṣe ara ohun tí kì í tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn èédú. Púpọ̀ nínú èyí tó ń wọ ọjà wa ń ti Òkè-Ògùn àti Kwara wá, igi emi tí à ń rí òrí lára rẹ̀ sì wà lára èyí tí wọ́n ń gé. Níbi tí wọ́n ti ń sun igi di èédú nínú ilẹ̀, ó ju ìdajì agbára igi náà lọ tó ń ṣòfò kó tó di dúdú. Gáàsì kò pa igi kan. Nínú ilé ìdáná, ìyàtọ̀ náà hàn lójú ẹni tó ń dáná.

Ojú yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín inú ilé fa ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn lágbàáyé ní 2020, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì ju 237,000 lọ nínú wọn. Ta ló ń fa èéfín yẹn símú ní ìdílé wa? Ìyàwó, ìyá, ọmọbìnrin, àti ìkókó tó wà lẹ́yìn. Ta ló máa ń sọ pé kí wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó ra sílíńdà? Mo ti jókòó sí ìpàdé ìdílé tí wọ́n ti jíròrò jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan, tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba ààrò tó wà lẹ́yìn ilé náà, tí ìyá ń wúkọ́ nídìí rẹ̀. Ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ kọ́ ló ń na owó. Ní àwọn ilé tí mo mọ̀ tí obìnrin ti ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́, gáàsì máa ń tètè dé.

Ìyapa mìíràn tún wà láàrin ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó ń jẹ àǹfààní. Ìyẹn ni ti onílé àti ayálégbé. Ní Leeds, bí bọ́ílà bá ń jẹ gáàsì ju bó ṣe yẹ, ayálégbé ló ń san owó gáàsì, onílé ló máa ra ẹ̀rọ tuntun. Kí ni onílé ń wá níbẹ̀? Ní Iléṣà, ẹ lọ wo àwọn ilé tí yàrá ti ń kojú ara wọn, tí mítà kan ṣoṣo wà fún yàrá mẹ́wàá. Owó iná tí wọ́n ń pín dọ́gba kì í jẹ́ kí lándílọ́ọ̀dù gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi iná mọ̀nàmọ́ná dáná. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ òórùn ìrẹsì lórí hótípíléètì, ìjà ti dé. Láti ìgbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni wa ti di Yunifásítì Iléṣà, ilé ti ń wọ́n, ayálégbé kò sì lè fọhùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lówó sólà lọ́wọ́, orí òrùlé ta ló máa gbé e sí? Bó bá kó jáde lẹ́yìn ọdún méjì, ihò tí wọ́n lu sí páànù ńkọ́?

Ẹni tó ní mítà tirẹ̀ ńkọ́, ṣé kó máa fi iná dáná? Ìṣirò yìí gbádùn mọ́ mi, ẹ bá mi ṣe é. Láti Oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n ti ya àwọn tó yẹ kí wọ́n rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ sọ́tọ̀, tí wọ́n pè ní Band A, tí owó wọn sì fò láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 fún yúnìtì kan, kó tó padà rọ̀ díẹ̀ sí àárín 206 sí 210. Láti mú garawa omi lítà 20 kúrò ní tútù dé ibi tó ṣe é fi wẹ̀, nǹkan bí ìdajì yúnìtì ló máa gbà. Ó jẹ́ nǹkan bí 100 náírà. Ẹ gbé garawa kan náà ka orí gáàsì, ní owó àárín 2024 tí kílò kan jẹ́ nǹkan bí 1,300 náírà, ẹ ó rí i pé owó náà kò ju ara wọn lọ. Ẹni tí kò sí ní Band A ń ra yúnìtì ní owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fẹ́ wẹ̀ láàárọ̀, iná kò sí. Iná olówó pọ́ọ́kú tí kì í sí nílé, gáàsì ló máa ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ooru kan tilẹ̀ wà tí a kì í sanwó rẹ̀, tí a kì í sì í kà sí. Táǹkì dúdú tó wà lórí òpó nílé yín, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ẹ ó rí i. Oòrùn kan náà tó ń gbẹ kòkó lórí ẹní ló mú un gbóná. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi dandan lé onílé lọ́wọ́ ní Israẹli kò fi bẹ́ẹ̀ jù báyìí lọ: páìpù dúdú, gíláàsì, àti táǹkì tí wọ́n wé kí ooru má bàa sá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwa ní oòrùn, a ní táǹkì. Ohun tí wọ́n fi ń wé e ló kù, mi ò sì tíì rí púlọ́ńbà kan nílùú wa tó fi lọ̀ mí rí.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé owó fún ẹnì kan tó ń fi sólà sílé. Ó ní tuntun ni bátìrì náà. Kò pé oṣù mẹ́fà tó dákẹ́. Nígbà tí oníṣẹ́ mìíràn tú u, ó ní wọ́n ti lò ó rí, wọ́n kàn fọ ara rẹ̀ ni. Owó mi nìkan kọ́ ló lọ. Mẹ́ta nínú àwọn aládùúgbò tó ti ń bi mí iye tí mo rà á ló padà sídìí jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ epo bẹntiróòlù tí owó rẹ̀ kò tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní Oṣù Karùn-ún 2023 ti kọjá 1,000 lítà kan ní ìparí 2024. Wọ́n ní ó sàn kí àwọn máa jẹ ìyà tí àwọn mọ̀.

Bí ẹ̀rù ṣe ń ràn náà ni ìgboyà ń ràn. Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní California, wọ́n sì gbé e jáde ní 2012: bí sólà ṣe ń pọ̀ sí i lórí òrùlé àdúgbò kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kù níbẹ̀ ṣe ń tètè ra tiwọn. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń gbé ní Ìjẹ̀ṣà. Ní òpópónà ẹ̀yìn wa, ọdún kan gbáko ni ilé kan ṣoṣo fi ní páánẹ́lì. Ọjọ́ tí wọ́n wo bọ́ọ̀lù tán níbẹ̀ tí iná kò lọ, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sì sí, ni oníná bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ níbẹ̀.

Ìdí kan tún kù, òun sì ni ìwé àwọn onímọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ. Gáàsì wà nílé wa. Èmi ni mo rà á. Màmá mi ń fi se tíì, wọ́n ń fi dín ẹyin. Ẹ̀wà, ìyẹn kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀, torí wọ́n ní wákàtí méjì ẹ̀wà á jẹ gáàsì ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà ọyẹ́, omi ìwẹ̀ pàápàá padà sórí èédú. Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sórí ààrò. Wọ́n ń yáná. Mo ti ń sọ ọ́ kiri pé a kì í mú ara móoru nílẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ a ní ọ̀rọ̀ fún un. Ta ló máa jókòó yí bọ́nà gáàsì ká sọ̀tàn? Mo kàn bẹ̀ wọ́n ohun kan: ìta ni kí ààrò náà wà. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti ara èédú jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀, ó ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ní Oṣù Kìíní, bọ́ílà àbúrò mi kọṣẹ́. Òru ni, yìnyín wà níta, ọmọ rẹ̀ kékeré sì ní ọ̀fìnkìn. Àwọn tó ń ta heat pump ní àwọn ní láti wá wọn ilé náà ná, kí àwọn tó béèrè owó ìjọba, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó ń ta bọ́ílà gáàsì ní òun lè dé lọ́la. Ó dé lọ́la. Àbúrò mi ní bí ọ̀pọ̀ àwọn tí òun mọ̀ ṣe ń pààrọ̀ tiwọn náà nìyẹn, lọ́jọ́ tí èyí tó wà bá kú, tí kò sí àyè láti ronú.

Màmá mi bi í léèrè owó tí ìjọba fẹ́ fún un ńkọ́. Ó ní ó ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n ní ó dáa, bí owó bá kù lọ́wọ́ òun alára, kó bá àwọn ra sílíńdà kékeré kejì, torí èyí tó wà nílé ti fẹ́ẹ̀ tán, ọyẹ́ kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀.